Ẹṣin Tí A Fi Èérí Ìrẹsì Kọ́

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, gbogbo yín lẹ mọ̀ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ yín nílé ìwé, ẹ sì ti fi yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹṣin gan-an, ẹṣin tó ní ìrù, tó ń mí gúlegúle, ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín?

Ẹ ní ẹ lọ gun ọ̀kan ní ọgbà ìgbafẹ́ Fájuyì lónìí, wọ́n sì ya yín ní fọ́tò lórí rẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ń fà á kiri ń fi pàṣán gbá a kó tó gbà láti dúró. Tọ̀míwá ní òun ò gùn ún mọ́, ó bú sẹ́kún, ẹ̀yin tó kù sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Tọ̀míwá, wá jókòó tì mí níhìn-ín. Má dá wọn lóhùn. Ẹṣin kan wà tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọge ní Ìgbẹmọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, wàá kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà wàá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ yóò fi máa dùn ọ́.

Ìgbẹmọ tí ẹ ń bá wa lọ ní ìparí ọdún yìí, ìlú ìrẹsì ni títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń bó ìrẹsì náà báyìí. Wọn á dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ké wáá, ó parí. Nígbà tiwa, ọwọ́ wa ni ẹ̀rọ. A ó rẹ ìrẹsì sómi, a ó bọ̀ ọ́, a ó sá a sórí ẹní, a ó sì máa lé adìẹ lórí rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni odó. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, odó ni yóò jí yín, kì í ṣe ọ̀kadà, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Gbì, gbì, láti ulé Yèyé mi. Gbì, gbì, láti òdìkejì ọ̀nà. Obìnrin mẹ́ta á dúró lórí odó kan, ọmọ odó mẹ́ta á máa lọ á máa bọ̀, wọn ò sì ní kan ara wọn. Bí ọwọ́ bá ti bára mu, orin á tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sùn di ìgbà tí odó dákẹ́, ọ̀lẹ ni, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ní "ulé." Ilé lẹ̀yin ń wí, ulé ni èmi bá nílẹ̀. Àbúrò bàbá yín tó wà l'Ékòó ní bí òun bá ti gbọ́ ẹni tó pe iṣu ní "usu" láàárín ọjà, òun á kí i kú ilé, nítorí òun mọ̀ pé ará ilé ni.

Kí ni mo ń sọ? Odó. Bí a bá ti gún ìrẹsì náà, a ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n èérí rẹ̀, ìyẹ̀fun pupa kúnnákúnná tó ń bọ́ lára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń dànù. Òórùn rẹ̀ dùn bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Adìẹ la máa ń kó o fún. A ò mọ̀ pé ẹṣin náà ń jẹ ẹ́, nítorí a ò ní ẹṣin.

Ẹṣin ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa rárá. Igbó wa kún fún eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, eṣinṣin náà a sì máa pa ẹṣin. Ọba àti ìjòyè díẹ̀ ló ń ní i, bí wọ́n bá sì ní i, iná èéfín kì í kú lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, kí eṣinṣin má baà wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ oyè nílùú nígbà náà. Bàbá Olóyè ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ọ̀nà Ìlọrin, tí wọ́n jọ ń ṣòwò obì, ló fi ẹṣin kan ta wọ́n lọ́rẹ nítorí oyè náà. Ọjọ́ tí ẹṣin yìí wọ̀lú, odó dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Gbogbo wa sáré jáde pẹ̀lú èérí lára. Ẹṣin pupa ni, ó ní àmì funfun níwájú orí, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ.

Bàbá Olóyè wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Arógunmásàá. Wọ́n ní bí ogun dé, bí ọ̀tẹ̀ dé, ẹṣin àwọn kò ní sá. Wọn ò tíì pa ẹnu dé nígbà tí alángbá kan já bọ́ láti orí ògiri. Arógunmásàá já okùn mọ́ ẹni tó fà á wá lọ́wọ́, ó gba àárín ẹní ìrẹsì kọjá, ó tú ìrẹsì tí a fi ọjọ́ mẹ́ta sá ká sílẹ̀, ó sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ̀rín pa ìlú. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá Olóyè ò bá ti sí nítòsí, Arí-alángbá-sá là ń pè é.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá Bàbá Olóyè roko ni wọ́n fa ẹṣin lé lọ́wọ́. Òjó ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, apá rẹ̀ ki, bó bá gbé àpò ìrẹsì, ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé ìrọ̀rí. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ara yín lójú. Òjó yìí náà ni bàbá àgbà yín tó fẹ̀yìn ti àga níbẹ̀ yẹn, tó di ojú bí ẹni tó sùn. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Òjó nínú ìtàn yìí, nítorí nígbà náà kò tíì di bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí? Wọ́n ní àwọn ò sùn, àwọn ń dúró de ibi tí n ó ti purọ́ ni. Bàbá Fọlákẹ́, ṣé ẹ ò fi pàṣán na ẹṣin ni? Ẹ ti gbọ́ o. Wọ́n ní wọ́n na àwọn náà nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn sì gbọ́n, àwọn wá rò pé ẹṣin náà á gbọ́n.

Kò gbọ́n. Bí Òjó bá ti yọ pẹ̀lú pàṣán, Arógunmásàá á dẹ etí méjèèjì sẹ́yìn, á kọ ìdí sí i. Bó bá fà á síwájú, á fà sẹ́yìn. Òógùn á bo àwọn méjèèjì, wọn ò sì ní kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ kan, ẹṣin náà ta Òjó nípàá, ó bá ara rẹ̀ nínú agbada tí a fi ń rẹ ìrẹsì. Ó jáde pẹ̀lú ìrẹsì lórí bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n fọ́n ìrẹsì sí lórí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ mìíràn, àlejò kún iwájú ilé, Bàbá Olóyè ní àwọn fẹ́ gun ẹṣin àwọn. Òjó di ìjánu mú. Ọkùnrin méjì gbé Bàbá Olóyè sókè. Wọn ò tíì fi ìdí balẹ̀ dáadáa lórí gàárì nígbà tí Arógunmásàá bẹ́ sókè. Orí òkìtì èèpo ìrẹsì ni Bàbá Olóyè bọ́ sí. Kò dun wọ́n, èèpo náà rọ̀ bí tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n ìtìjú ò ní tìmùtìmù.

Wọ́n dìde. Wọ́n gbọn agbádá. Wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tó máa ń bà wá lẹ́rù ju igbe lọ.

"Mo ti sọ fún ọba pé orí ẹṣin ni n ó wà lọ́jọ́ ìjẹsu. Bí ìjẹsu bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ẹranko yìí ò bá gbà, n ó fà á lé àwọn alápatà lọ́wọ́. N ò ní máa bọ́ ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín."

Ìjẹsu, ọdún iṣu tuntun wa nìyẹn. Ẹ̀yin ń jẹ iṣu láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ẹ ò mọ adùn rẹ̀. Nígbà tiwa, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu kí ọjọ́ náà tó pé. Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á gbé tiwa lọ síwájú pẹpẹ, ọba á jókòó sójú ọjà, àwọn ìjòyè á máa wá júbà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, àwọn ọdẹ á máa yìnbọn. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí Bàbá Olóyè sọ̀rọ̀ yẹn. Ìjẹsu di ìgbà òjò. Àyè díẹ̀ ṣì wà.

Ní àárọ̀ kejì, mo gbé atẹ mi, mo lọ ń fẹ́ ìrẹsì nítòsí ilé ẹṣin. Mo fẹ́ wo ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Pàṣán ti fa ìlà sí i lára. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé apá sókè, ì báà ṣe láti na ara, gbogbo awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Mo rí i pé kì í ṣe agídí ló ń ṣe é. Ẹ̀rù ló ń bà á, àwa la sọ ọ́ di agídí.

Lásìkò yẹn gan-an, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ìrìn nínú ilé wa. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: "Tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́!" Ta ló ń na ọmọ tó ń kọ́ ìrìn? Bó bá ṣubú, a ó gbé e dìde. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ó ti rìn dé Adó. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á tún gbé òmíràn kí wọ́n lè tún pàtẹ́wọ́. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú atẹ lẹ́sẹ̀, mo ní nínú ara mi pé ó ṣe jẹ́ pé a ò tíì pàtẹ́wọ́ fún ẹṣin yìí rí?

Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Olóyè, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú. Yèyé mi wà níbẹ̀. Wọ́n figbe ta.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ẹṣin lo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni? Ta ni yóò fẹ́ ọmọge tó ń rùn bí ilé ẹṣin?"

Bàbá Olóyè rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú. "Ìyàwó wa, ẹ fi í sílẹ̀. Ọkùnrin ti gbìyànjú, a ti rí ibi tó já sí. Òjó, gbé pàṣán rẹ jìnnà."

Inú Òjó ò dùn. Ó tẹ̀lé mi dé ìta, ó ní, "Ọmọ ulé Olóyè, n ó jókòó ti ọ́ o. Kì í ṣe pé mo gbà fún ọ. Bó bá ta ọ́ nípàá, èmi ni n ó gbé ọ dé ọ̀dọ̀ yèyé rẹ."

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ jẹ. Mi ò sún mọ́ ẹṣin. Mo jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, mo yí ẹ̀gbẹ́ sí i, mo ń fẹ́ ìrẹsì mi, mo ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Mo bu èérí sínú ahá, igbá kékeré tí a fi ń mu omi, mo fọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bí ẹṣin ti yí ojú sí mi, mo fi òrùka ìka mi kan ẹ̀yìn ahá náà, kó! mo sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò wá. Mo fi ahá sílẹ̀, mo lọ sídìí odó. Nígbà tí mo fi máa padà dé, inú ahá ti mọ́ tónítóní bí èyí tí wọ́n fi kànrìnkàn fọ̀. Òjó ń wojú sánmà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Bí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀, ẹṣin mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ "kó," ohun rere ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, èérí sì ń bọ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ mi, kó! èérí. Bó bá sọ orí kalẹ̀, kó! èérí. Bó bá jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọrùn òun, kó! Bí mo bá kan orúnkún rẹ̀ tó sì gbé ẹsẹ̀ sókè kí n wo pátákò rẹ̀, kó! Bó bá kọ̀, mi ò bínú, mi ò pariwo. Mo kàn padà síbi tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Aṣọ àlòkù Yèyé mi ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn aṣọ, àpò òfìfo. Lẹ́yìn àpò òfìfo, àpò tí ìrẹsì díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a gbé gàárì lé e, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń di irun fún. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti máa ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Ojú ẹṣin ni mo ti wá rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn ilé Bàbá Olóyè, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà ni. Lọ́jọ́ kan, ó fọ igbá rẹ̀ tán, ó sì ń gbá a mọ́ ògiri kí omi lè ro dànù. Kó! Kó! Kó! Arógunmásàá gbọ́. Ó já okùn, ó fo ọgbà, ó ki orí bọ ojú fèrèsé ilé ìdáná obìnrin náà, ó sì la ẹnu sílẹ̀ de èérí. Igbe tí obìnrin náà ké, wọ́n gbọ́ ọ lóko. Ó sá jáde pẹ̀lú igbá lórí, ó ń pe Jésù, ó ní òun rí ẹni tí ojú rẹ̀ gùn tó apá. Nígbà tí a débẹ̀, Arógunmásàá ti lá gbogbo ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó wà lórí ẹní, imú rẹ̀ funfun, ó sì ń wò wá pé ṣé òun ò gbìyànjú. Mo bẹ obìnrin náà títí. Nígbà tí ẹ̀rín pa òun náà, ó ní kí n máa fà á wá máa kí òun, ṣùgbọ́n kí n máa gba ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó kù ni ariwo. Kí ni ẹṣin tó ń sá fún alángbá yóò ṣe níwájú ìbọn ọdẹ? Èyí ni mi ò lè dá ṣe. Mo wo Òjó, Òjó wò mí.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ni ó bi mí.

"Gbé pákó méjì, lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kí o máa gbá wọn pọ̀."

"Níbẹ̀ yẹn? Ta ni yóò gbọ́?"

"Ẹṣin á gbọ́. Bó bá gbọ́ tó sì ń jẹun lọ, kí o sún mọ́ díẹ̀. Bó bá gbé orí sókè, kí o padà sẹ́yìn."

Ó lọ. Láti odò ó bọ́ sídìí ọ̀pẹ, láti ìdí ọ̀pẹ ó bọ́ sẹ́yìn ọgbà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé inú ọ̀rinrin ni Òjó ti ń gbá pákó, tí àwọn tó ń bọ̀ láti oko ń bi í pé ṣé kò ṣàìsàn. Ó tó àkókò kan tó ń gbá pákó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹṣin, ẹṣin sì ń wa imú sínú ahá mi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbọ́ tí Òjó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Ó rò pé mi ò sí nítòsí. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Pẹ̀lẹ́." Mo fi ojú wá pàṣán rẹ̀ kiri. Ó ń fi í ko iná èéfín.

Bàbá Olóyè gùn ún nínú ọgbà kí ìjẹsu tó dé, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn. Àwọn alápatà gbọ́, wọ́n gba ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ni ìyẹn. Ọgbà kì í ṣe ojú ọjà.

Ọjọ́ ìjẹsu pé. Ẹ̀yin ò lè mọ bí ìlú ti rí. Òórùn iyán gba gbogbo ọ̀nà, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Adó àti níbòmíràn ti gun lọ́rì dé, gbogbo ògiri ló ti gba ọ̀dà tuntun. Bàbá Olóyè jókòó lórí Arógunmásàá nínú agbádá òfì, Òjó di okùn mú. Obìnrin kì í rìn níwájú ìjòyè, nítorí náà mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàárín àwọn obìnrin ilé, mo so èérí mọ́ etí aṣọ mi.

A dé ibi tí àwọn obìnrin àdúgbò ìsàlẹ̀ to ara wọn sí láti yẹ́ Bàbá Olóyè sí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n gbé dání? Igbá. Wọ́n fi òrùka sí ìka, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu igbá. Kó-kó-kó, kó-kó-kó! Orí mi wú. Arógunmásàá dúró gbagidi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá èérí. Nígbà tí kò rí i, ó sọ orí kalẹ̀, nítorí ìyẹn la kọ́kọ́ kọ́ ọ. Kó-kó-kó! Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé ti òsì. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ ọ láti ìgbà ọyẹ́ ló ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé èwo ni kí òun ṣe kí wọ́n tó fún òun ní oúnjẹ.

Ẹnìkan kígbe, "Ẹṣin Olóyè ń jó!"

Ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹṣin ń jó! Ẹṣin ń jó o!" Bí wọ́n ti ń lù ú sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń jó sí i. Bàbá Olóyè, tí ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà, na ọrùn, wọ́n gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè, wọ́n ń mi èjìká bí ẹni pé àwọn ló kọ́ ọ. Èmi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń bu èérí sí ọwọ́ Òjó, Òjó ń fi bọ́ ẹṣin lábẹ́ agbádá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, àwa méjèèjì ò sì lè wo ara wa lójú nítorí ẹ̀rín.

Ẹnu ẹ̀rín yẹn la wà nígbà tí ìbọn ró.

Kì í ṣe pákó o. Ọdẹ méje tàbí mẹ́jọ ló yìn ín pọ̀ ní ẹ̀yìn wa gan-an, ilẹ̀ mì. Arógunmásàá yí po, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Fìlà Bàbá Olóyè fò lọ. Wọ́n rọ̀ mọ́ ọrùn ẹṣin. Àwọn èèyàn tú ká, àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn, ẹnìkan sì ń pariwo pé, "Nà án! Òjó, nà án!" Ọkùnrin kan tiẹ̀ ti na igi sí i pé kó gbà á. Mo mọ̀ pé bí igi yẹn bá kan ẹṣin náà, Bàbá Olóyè á ṣubú sórí òkúta, gbogbo ohun tí a ti ṣe sì ti parí.

Òjó ò gba igi. Ó tú okùn sílẹ̀ kó dẹ̀, ó dúró níwájú ẹṣin náà láìgbé apá sókè, ó sì fi ohùn tí mo gbọ́ lọ́gbà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Pẹ̀lẹ́. Èmi náà nìyí."

Ẹsẹ̀ iwájú balẹ̀. Ẹṣin ń gbọ̀n. Ó wo Òjó. Ó wá na ọrùn, ó fi imú kan àyà rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ìbọn tún ró. Etí rẹ̀ nìkan ló mì.

Ìlú ò pariwo mọ́. Wọ́n ń wo bí ẹṣin ti ń tẹ̀lé okùn tó dẹ̀ lọ síwájú ọba. Bàbá Olóyè júbà láti orí ẹṣin láìdé fìlà, ọba sì rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀kan nínú fìlà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ bi mí pé ṣé mo rí gbogbo ìyẹn? Mo rí i díẹ̀. Òjó ni mò ń wò. Ọjọ́ náà ni mo mọ ẹni tí n ó fẹ́, òun ò sì tíì mọ nǹkan kan. Bàbá Fọlákẹ́, ẹ má di ojú mọ́, gbogbo wọn ti rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Olóyè pè mí síwájú àwọn àgbà ilé. Yèyé mi wà níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tuntun. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́, ì báà ṣe aṣọ, ì báà ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Mo fẹ́ gùn ún ni."

Láti ìgbà ọyẹ́ dé ìgbà òjò, mi ò tíì gun ẹṣin náà rí. Obìnrin kan ò gun ẹṣin rí nílùú wa. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ṣùgbọ́n Yèyé mi, Yèyé mi tó ní mò ń rùn bí ilé ẹṣin, ló dìde dúró.

"Ẹ jẹ́ kó gùn ún," ni wọ́n wí. "Ẹni tó kọ́ ọmọ ní ìrìn, ṣé ó burú kí ọmọ gbé e?"

Bàbá Olóyè bú sẹ́rìn-ín. Òjó fa ẹṣin jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àtẹ̀gùn fún mi, mo gun orí gàárì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ mọ bí ìlú ti rí láti orí ẹṣin? Gbogbo ayé mi, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń wo Ìgbẹmọ, pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo wá rí òkè ògiri àwọn èèyàn. Mo rí orí àwọn tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé ọmọ odó dúró lójú ọ̀run, wọ́n ń wò mí. Mo rí oko ìrẹsì títí dé ẹsẹ̀ òkè, tútù yọ̀yọ̀, afẹ́fẹ́ ń fọwọ́ ra á lórí. Àwọn obìnrin ti ń tú jáde lójúlé sí ojúlé, wọ́n ń ké, wọ́n ń hó, wọ́n ń sáré tẹ̀lé wa, Yèyé mi ló ṣíwájú, gèlè ti tú lórí wọn.

Òjó gbójú sókè sí mi láti ìsàlẹ̀.

"Ọmọ ulé Olóyè," ni ó wí, "kí lò ń rí níbẹ̀ yẹn?"

Mo wo ọ̀kánkán, mo rí òrùlé kan tí koríko rẹ̀ ti gbó, tí wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ulé yín," ni mo dá a lóhùn. "Mò ń wo ibi tí n ó gbé odó mi sí."

Ẹ̀rín pa Òjó débi tí okùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó di ẹṣin mú mọ́. Ẹṣin náà kò sì sáré. Ó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gbé mi lọ láàárín ariwo ayọ̀ yẹn, ó gba iwájú ilé kọ̀ọ̀kan kọjá, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Òjó.